“Bàámi” ni mo ń pe ọkọ mi

Àbúrò mi aránṣọ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì. O ní Bàbá Ìbejì lo fẹ́ pè, “Bàámi” ló bọ́ lẹ́nu rẹ, ó sì ti di ẹ̀ẹ̀mẹta báyìí láti ìgbà tí ẹ ti sin bàbá rẹ. Ni ọ̀rẹ́ ọkọ rẹ tó ka sàìkọ́lọ́jì bá rẹ́rìn-ín, ó ní Freud ti wí i: bàbá rẹ lo fẹ́ fẹ́. Látọjọ́ náà, ojú ń tì ọ́ láti jókòó ti ọkọ rẹ.

Sọ ẹrù yẹn kalẹ̀. Sigmund Freud, dókítà ìlú Vienna, sọ lóòótọ́ pé ọmọ máa ń fà mọ́ òbí kan, kó máa jowú èkejì. Ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré ló ń sọ o, kì í ṣe ti ìyá ìbejì. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ pàápàá kò gbà fún un tán: Adler bá tirẹ̀ lọ ní 1911, Jung náà yà ní 1913.

Ní 1901, Freud kọ ìwé lórí àṣìsọ àti ìgbàgbé, ó ní ohun tí a tẹ̀ rì sínú ló ń wá ọ̀nà jáde. Nígbà mìíràn, bóyá. Ṣùgbọ́n kí ìyá mi tó pe orúkọ mi, á ti pe ẹ̀gbọ́n mi, á pe àbúrò mi, á fẹ́rẹ̀ẹ́ pe ajá. “Bàbá Ìbejì” àti “Bàámi” kò kúkú jìnnà síra lẹ́nu.

Ìsàlẹ̀ lẹ́tà rẹ ló dá mi dúró. Ọkọ rẹ wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà, “hẹn-hẹ̀n”, kó tó wọlé; inú bí ọ débi pé o gbàgbé áyọ́ọ̀nù lórí léèsì oníbàárà, ó jó, o sì jágbe mọ́ ọkọ. Lẹ́yìn náà lo wá kọ ọ́ pé bàbá rẹ kì í lù yín, ikọ́ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ti tó, gbogbo ilé á pa lọ́lọ́. O kò so méjèèjì pọ̀. Èmi so wọ́n.

Ibí yìí ni mo ti gbà fún Freud: inú ènìyàn ní kọ̀rọ̀ tí onínú fúnra rẹ̀ kò dé, ìbínú tí kò sì lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín, ẹni tó wà nítòsí ló ń bà. Ẹ̀rù kò jẹ́ kí o bínú sí bàbá rẹ láyé. Ó ti kú báyìí, o kò sì fẹ́ sọ òkú láìdáa. Pé o tún ń sunkún tí o bá rí fìlà rẹ̀ kò sọ ọ́ di alágàbàgebè. Ṣebí ẹ mọ Ìkògòsì, omi gbígbóná àti omi tútù ló ń pàdé níbẹ̀.

Má gbé Freud lọ bá ọkọ rẹ. Sọ ìtàn ikọ́ náà fún un, kó máa pe àwọn ìbejì láti ẹnu ọ̀nà ná dípò kó wúkọ́. Lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin. Inú ilé kan náà lẹ ti jọ gbọ́ ikọ́ yẹn. Tí oorun bá ń dá lójú rẹ, rí dókítà ọpọlọ ní Adó, kì í ṣe wèrè nìkan ni wọ́n ń tọ́jú.

Ní ti léèsì, san owó rẹ̀ fún oníbàárà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ìyẹn kò kan bàbá rẹ.