Ìtumọ̀ òwe "A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí"

Ìbéèrè tí ẹ béèrè ni pé kí ni ìtumọ̀ òwe tí àwọn àgbà máa ń pa pé "A kì í pa igún, a kì í jẹ igún, a kì í fi igún bọ orí", àti pé ṣé nítorí ẹ̀gbin ni wọ́n ṣe ka igún léèwọ̀, àbí wọ́n fẹ́ dáàbò bò ó ni.

Lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn lónìí, ọ̀rọ̀ ẹyẹ kọ́ ni òwe yìí mọ́. Bí àbúrò olóògbé bá fẹ́ ta ilé tí bàbá fi sílẹ̀ láìsọ fún àwọn ọmọ òrukàn, àgbà kan nínú mọ̀lẹ́bí lè pa á láti fi hàn án pé kò sí ọ̀nà tí ó lè gbé ọ̀rọ̀ náà gbà tí yóò fi dára. Nítorí náà ni òwe náà ṣe ní ìpín mẹ́ta. Ẹni tí ó bá ní òun kò pa igún láti jẹ ẹ́ lè wí àwíjàre pé orí òun ni òun fẹ́ fi bọ, òwe sì ti dí ọ̀nà yẹn náà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹyẹlé àti ẹtù wà lára ohun tí a fi ń bọ orí. Igún kò sí lára wọn.

Èmi kò gbà pé ẹ̀gbin ló fa èèwọ̀ náà. Òótọ́ ni pé òkú ẹran ni igún ń jẹ, ṣùgbọ́n òwe mìíràn wà tí ó yẹ kí a gbé sí ẹ̀gbẹ́ èyí: "Bí a kò bá rí igún, a kò gbọdọ̀ ṣẹbọ." Nínú ìgbàgbọ́ àwọn baba wa, bí igún bá bà lé ẹbọ tí a gbé kalẹ̀, tí ó sì jẹ ẹ́, àmì pé ẹbọ náà gbà ni. Ẹni tí ó ń bá wa gba ẹbọ kò lè tún di ẹran ẹbọ. Bákan náà ni a máa ń wúre pé gúnnugún kì í kú léwe, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tí í fi ohun tí ó kórìíra wúre fún ara rẹ̀. Ipò ọlá ni èèwọ̀ yìí fi igún sí.

Ní ti ààbò, n kò ní sọ pé àwọn baba wa jókòó ṣòfin nítorí kí ẹyẹ má baà tán, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí èèwọ̀ náà ṣe nìyẹn. Igún tí ó ń bá wa gbé láàárín ìlú, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Necrosyrtes monachus, kì í fi bẹ́ẹ̀ sá fún ènìyàn. Orí òrùlé tí ó wà nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù, àti orí àkìtàn, ni ó máa ń bà sí. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wò ó yóò rí ìyẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí òwú lẹ́yìn orí rẹ̀, àti ojú tí kò ní ìyẹ́, tí ó máa ń pọ́n fòò nígbà tí wọ́n bá ń du oúnjẹ. Ẹnu rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, òun ni ó sì fi ń yọ ẹran kékeré tó há sáàárín egungun. Ẹyin kan ṣoṣo ni ó máa ń yé lẹ́ẹ̀kan, ọmọ rẹ̀ sì lè lo ju oṣù mẹ́ta lọ nínú ìtẹ́ kí ó tó fò, nítorí náà bí a bá ń pa àwọn àgbà rẹ̀, kíá ni iye wọn ń dínkù.

Ní ọdún 2015, IUCN, àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ìdáàbòbò àwọn ẹ̀dá, kà á mọ́ àwọn ẹ̀dá tí ewu ìparun wọn le jù lọ. Ìwádìí kan nípa àwọn ẹ̀yà igún Áfíríkà fi hàn pé nínú 100 ikú igún tí a kọ sílẹ̀, nǹkan bí 61 jẹ́ ti májèlé, 29 sì jẹ́ ti òwò oògùn ìbílẹ̀. Láàárín ọdún 2019 sí 2020, igún tí ó lé ní 2,000 ni májèlé pa ní orílẹ̀-èdè Guinea-Bissau, wọ́n sì ti gé orí ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé orí igún wà lórí ìsọ̀ lékulẹ́ja nínú àwọn ọjà tiwa náà, tí wọ́n ń tà á fún àwúre. Ẹni tí ó bá ń fi orí igún wá oríire ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe ohun tí ìpín kẹta òwe náà kà léèwọ̀ gan-an, síbẹ̀ àṣà ni ó máa ń fi gbèjà ara rẹ̀.

Bí ẹ bá ṣì ń rí igún ní àdúgbò yín, ẹ kọ ọjọ́, ibi àti iye tí ẹ rí sílẹ̀, nítorí iṣẹ́ àkọsílẹ̀ ẹyẹ tí a ń pè ní Nigerian Bird Atlas Project, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2015, ń gba irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ẹyẹ. Bí ìtẹ́ rẹ̀ bá sì wà lórí àràbà tàbí igi ńlá mìíràn tí wọ́n fẹ́ gé, ẹ bẹ onílẹ̀ kí ó dúró kí ọmọ inú rẹ̀ kọ́kọ́ fò.