"Ewé rẹ̀ ni kò pé": kí ni òwe yìí ń sọ gan-an?

Ìbéèrè: Àwọn àgbà a máa wí pé, "Ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ni kò pé." Ṣé pé bí àgbo kò bá ṣiṣẹ́, ká tún ewé bù sí i? Ó ha kan bakitéríà tí áńtíbáyọ́tíìkì kò ràn mọ́ bí?

Ìdáhùn: Kíkún ni "pé" inú òwe náà, kì í ṣe pípọ̀. Ewé mẹ́ta lè pé, kí ogún má pé. "Jẹ́" náà, olóhùn òkè ni. Ẹ má pè é bíi jíjẹ oúnjẹ. Oògùn tó jẹ́ ni èyí tó dáhùn sí ohun tí a tìtorí rẹ̀ sè é.

Ó kan bakitéríà dáadáa. Ẹ wo Berberis fremontii, igi ilẹ̀ Amẹ́ríkà kan. Ó ní èròjà kan tó pọ́n bí àtalẹ̀ pupa, berberine, tó ń pa bakitéríà. Ṣùgbọ́n Staphylococcus aureus, bakitéríà tó sábà máa ń wà nídìí eéwo, ní pọ́ǹpù kan lára, NorA, tó fi ń gbọ́n berberine dà síta bí ẹni ń gbọ́n omi inú ọkọ̀ tó ń jò. Lọ́dún 2000 ni àwọn onímọ̀ kéde pé èròjà mìíràn wà nínú ewé igi kan náà, 5'-methoxyhydnocarpin. Òun nìkan kò pa Staphylococcus rárá. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé ó dí pọ́ǹpù yẹn, berberine a sì ráyè ṣiṣẹ́. Ẹni tó bá yọ ọ́ sọnù pé kò wúlò, ewé rẹ̀ kò pé nìyẹn.

Augmentin tó jẹ́ áńtíbáyọ́tíìkì pàápàá, ọ̀nà yìí ló gbà. Nínú oníhóró 625 mg, 500 jẹ́ amoxicillin, 125 jẹ́ clavulanic acid. Èkejì yìí (ara bakitéríà ni wọ́n ti rí i, kì í ṣe ara ewé) ló ń ká ènsáímù tó ń gé amoxicillin lọ́wọ́ kò.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé méjì bára mu? Wọ́n á mú àwo oníhò 96, wọ́n á máa dín oje ewé kù ní ìdajì-ìdajì ní ìbú, áńtíbáyọ́tíìkì ní òró, wọ́n á wá gbin bakitéríà sí gbogbo rẹ̀ mọ́jú. Ká ní oje ewé nìkan gba 8 mg nínú mílílítà kan kó tó ṣiṣẹ́, tó wá di 2 nínú àdàlù. Áńtíbáyọ́tíìkì gba 64 µg, ó di 8. 2/8 pẹ̀lú 8/64 jẹ́ 0.375. Tí àròpọ̀ yìí kò bá ju 0.5 lọ, wọ́n ń ran ara wọn lọ́wọ́. Tó bá ju 4 lọ, wọ́n ń bára wọn jà, àwọn tó ń ro ewé mọ́ ewé kì í sì í fẹ́ gbọ́ èyí! Ihò kan gbọ́dọ̀ gba ọtí tí wọ́n fi fa oje náà nìkan, torí ọtí fúnra rẹ̀ ń pa bakitéríà.

Èyí tó ń ba nǹkan jẹ́ nílé: ẹni tó se ẹfinrin láìdé ìkòkò. Òórùn tó gba inú ilé yẹn, thymol wà nínú rẹ̀, oògùn ló ń bá atẹ́gùn lọ. Èyí tó burú jù ni títú kápúsù áńtíbáyọ́tíìkì kan tàbí méjì sínú àgbo kí ó lè "pé". Ìwọ̀nba yẹn á pa àwọn tí kò lágbára, àwọn alágbára á kù, wọ́n á sì máa bí sí i. Oje tó pa bakitéríà ní 2 mg nínú mílílítà kan lórí àwo, ó ṣòro kó tó bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó mu ún, nítorí náà àbájáde orí àwo kì í ṣe ìlànà mímu.