Èsì: Ìwé ìrìnnà méjì àti iṣẹ́ àṣírí ìjọba Amẹ́ríkà

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí. Ẹ béèrè bóyá ọmọ yín ọkùnrin tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà lè gba àṣẹ láti ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìwé àṣírí ìjọba wọn, nígbà tí ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ̀yin òbí rẹ̀ sì wà nílé.

Jíjẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè méjì nìkan kò dí i lọ́nà. Láti ọdún 2017 tí SEAD 4, ìlànà tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń pinnu ẹni tó lè gba irú àṣẹ yìí, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ohun tí wọ́n kórìíra ni kí ó fi ìwé Nàìjíríà wọ Amẹ́ríkà tàbí kí ó fi jáde níbẹ̀, tàbí kí ó fi pamọ́ pé òun ní in.

Ọ̀rọ̀ ẹbí ló gba àlàyé jù. Wọ́n ń wò ó bóyá ẹnìkan lè tipasẹ̀ ẹbí fúngun mọ́ ọn, nítorí náà mọ̀lẹ́bí tó wà nípò ńlá nínú ìjọba máa ń fa ìbéèrè ju ìyá tó ń ta gàrí lọ́jà. Nínú SF-86, fọ́ọ̀mù tí ẹni tó ń wá àṣẹ náà máa ń kọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ sí, àwọn ọbàkan rẹ̀ àti òbí ìyàwó rẹ̀ náà wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí àti àdírẹ́ẹ̀sì (ìbéèrè tó le fún agbo ilé tí kò ní nọ́ńbà, bí tiwa!). Bí a kò bá mọ ọjọ́ ìbí àgbàlagbà, àyè wà láti sàmì sí i pé ìfojúdíwọ̀n ni. Kí ó kọ owó tó ń fi ránṣẹ́ sílé náà síbẹ̀.

Lójú tèmi, irọ́ inú fọ́ọ̀mù léwu ju ẹbí òkèèrè lọ, nítorí ọ̀ràn ni lábẹ́ òfin wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ó fa ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ya ná, kí ó má dá a lóhùn.