Èsì: Siracusa ni kí ẹ mú ní Sísílì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ètò ìrìn àjò. Ẹ ní ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ ní ní Sísílì, erékùṣù Ítálì, ẹ sì ń bèèrè bóyá ìlú Palermo ló yẹ tàbí etíkun ìlà-oòrùn. Bó bá jẹ́ ìtàn lẹ ń wá, ẹ gba Siracusa lọ, ìlú tó wà ní etíkun ìlà-oòrùn náà.

Ẹ wá ibi tí ẹ máa sùn sí ní Ortigia, erékùṣù kékeré tí ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn Gíríìkì láti Kọ́ríńtì ló tẹ̀ ẹ́ dó ní 734 ṣáájú ìbí Kristi. Ẹ má sáré kọjá lára kàtídírà ibẹ̀ o! Tẹ́ńpìlì òrìṣà Athena ni wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí àwọn Lárúbáwá gba ìlú ní 878, wọ́n fi ṣe mọ́sálásí. Lẹ́yìn wọn, ó tún di ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn òpó Gíríìkì náà ṣì wà nínú ògiri, a sì ń rí wọn kedere láti ìta. Èmi ò mọ ibòmíì tó wú mi lórí tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ tún lọ sí Neapolis, ọgbà àwókù àtijọ́ tó wà ní Siracusa, níbi tí wọ́n ti gbẹ́ ibi ìṣeré sínú àpáta. Wọ́n ṣì ń ṣe eré Gíríìkì àtijọ́ níbẹ̀ ní oṣù karùn-ún àti oṣù kẹfà. Nítòsí rẹ̀ ni kòtò tí wọ́n ti ń gbẹ́ òkúta láyé àtijọ́ wà. Nínú irú kòtò bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti fìyà jẹ àwọn ọmọ ogun Áténì tí wọ́n kó lẹ́rú ní 413 ṣáájú ìbí Kristi.

Ìlú Noto ò jìnnà sí Siracusa. Ìmìtìtì ilẹ̀ wó o ní 1693, wọ́n sì tún un kọ́ síbòmíì. Palermo á dúró de ìrìn àjò mìíràn.