Ọkọ̀ Ń Dún Kọ̀-kọ̀ Lẹ́yìn Tí A Pààrọ̀ Ṣọ́ọ̀kì

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Hilux Vigo ọdún 2010 ni mo ń lò. Mo ra ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mẹkáníìkì mi sì dè wọ́n lọ́jọ́ kan náà. Láti ìgbà náà ni ẹsẹ̀ iwájú lápá òsì ti ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ bí mo bá ń rọra lọ lórí ọ̀nà gbágungbàgun. Bí mo bá bọ́ sójú ọ̀dà tó dán, á dákẹ́. Mẹkáníìkì fi jáàkì gbé e, ó mi gbogbo ẹsẹ̀ náà, kò rí nǹkan kan, ló bá ní ayédèrú ni mo rà. Ẹni tó tà á fún mi ní kí n ṣe sùúrù, pé ara ọkọ̀ ṣì ń mọ́ ọn ni. Ta ni kí n gbà gbọ́? (Òǹkàwé kan, Ògbómọ̀ṣọ́)

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gba ẹnì kankan gbọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ṣọ́ọ̀kì tó bàjẹ́ nínú sábà máa ń jo ọ́ìlì, tàbí kó jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò sókè sódò lẹ́yìn kòtò. Ariwo irin tó ń lu irin lórí kòtò kéékèèké, ibi ìdè ló ti ń wá lọ́pọ̀ ìgbà. Ìdè tó sì dẹ̀ kì í fúnra rẹ̀ le. Ṣe ni ihò bóòtì á máa fẹ̀ sí i.

Orí ṣọ́ọ̀kì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Lára Vigo, àárín sípíríǹgì ni ṣọ́ọ̀kì iwájú wà. Nọ́ọ̀tì mẹ́ta ló so máúńtìn (àwo irin tó wà lórí ṣọ́ọ̀kì) mọ́ ṣásì. Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo, ti àárín, ló di ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì mú mọ́ máúńtìn náà. Ti àárín yìí la fura sí jù. Bí wọ́n bá fi sípánà onímáṣíìnì yí i, ọ̀pá lè máa bá nọ́ọ̀tì yí po, á wá dà bí ẹni pé ó ti le nígbà tí kò tíì jókòó. Ìdí tí mẹkáníìkì yín kò fi rí i náà nìyí: bí táyà bá rọ̀ sófurufú, sípíríǹgì á ti máúńtìn mọ́ nọ́ọ̀tì gírígírí, àyè kankan kò ní hàn. Ìgbà tí ọkọ̀ bá jókòó lórí táyà ni ọ̀pá ń rí àyè rìn. Nítorí náà, ẹ má gbé e sórí jáàkì. Kí ẹnì kan máa tẹ igun iwájú náà mọ́lẹ̀, kó máa jọ̀wọ́ rẹ̀, kí ẹlòmíràn fi ìka kan orí ọ̀pá àti máúńtìn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọwọ́ á mọ̀ ọ́n kí etí tó gbọ́ ọ.

Bó bá jẹ́ ibẹ̀ ni, ẹ fi sípánà kékeré di ṣóńṣó orí ọ̀pá mú kó má yí, kí ẹ wá fi sípánà ọwọ́ fún nọ́ọ̀tì le. Ẹ má fi páláyà di ara ọ̀pá tó ń dán mú láé. Ojú ibi tó bá ha ni yóò gé séèlì (rọ́bà tó ń dá ọ́ìlì dúró nínú ṣọ́ọ̀kì), ọ́ìlì á sì máa jáde. Ẹ gbọ́ o: fífún le la sọ, a ò sọ pé kí ẹ tú u. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú nọ́ọ̀tì àárín láì kọ́kọ́ fi ohun èlò tí wọ́n fi ń ká sípíríǹgì dè é pinpin. Agbára tó wà nínú sípíríǹgì yẹn lè pa ènìyàn. Bó bá di pé wọ́n tú u, kí wọ́n rí i pé ìdí sípíríǹgì wọ inú ojú ibi tí wọ́n gbẹ́ fún un lórí àwo ìsàlẹ̀, kí wáṣà àti rọ́bà sì tò bí wọ́n ṣe tò nígbà tí wọ́n ń tú ti àtijọ́.

Ó wá ku bóòtì ìsàlẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì ni pé wọ́n máa ń fún un le nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì rọ̀. Búṣìn rọ́bà, ìyẹn rọ́bà inú ihò tí bóòtì gbà kọjá, kì í yí lórí bóòtì bí bíárìn. Ṣe ló máa ń lọ́, tó sì ń padà. Bí ẹ bá fún un níbi tí ẹsẹ̀ rọ̀ sí, yóò ti lọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ bá wà nílẹ̀, yóò máa ké, á sì tètè ya. Ẹ kan fi ọwọ́ yí i dé ìwọ̀n, ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ mì í lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ wá fún un dópin. Iye agbára tí wọ́n ń lò wà nínú ìwé ọkọ̀, torque wrench ló sì ń wọ̀n ọ́n. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀dà funfun fa ìlà láti orí nọ́ọ̀tì dé ara irin tó jókòó lé. Bí ẹ bá wakọ̀ lọ́sẹ̀ kan tí ìlà náà yà, ẹ ti rí ibi tó ń tú.

Bí gbogbo ìdè bá le tí ariwo kò lọ, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Líǹkéèjì stabilizer (irin kékeré tó so ẹsẹ̀ mọ́ ọ̀pá tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ fì sẹ́gbẹ̀ẹ́) ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ búṣìn lower arm (apá irin ìsàlẹ̀ tó di ẹsẹ̀ mú) àti ball joint (oríkèé irin tí ẹsẹ̀ fi ń yí). Ṣọ́ọ̀kì tó ti rọ kì í ti nǹkan padà; tuntun le, agbára tó ń tì sì ń lọ sára gbogbo ohun tó so mọ́ ẹsẹ̀ náà, èyí tó ti jẹ tẹ́lẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ẹ tú líǹkéèjì ọ̀tún àti tòsì, ẹ so wọ́n sókè kí wọ́n má gbá nǹkan, kí ẹ wa ọkọ̀ jẹ́jẹ́ nínú ọgbà, kì í ṣe títì. Bí ariwo bá lọ, méjèèjì ni kí ẹ pààrọ̀. Fún ball joint àti búṣìn, irin tí fọkanáísà fi ń tú táyà tó láti fi mì wọ́n.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yìn ni tèmi ti ń dún, gbì kan ṣoṣo lẹ́yìn bọ́ǹpù, nígbà tí ọkọ̀ bá ṣófo. Bí mo bá kó ẹrù, mi ò gbọ́ nǹkan. Mo ti fi ewé sípíríǹgì kan kún ti ẹ̀yìn. (Òǹkàwé kan, Ṣàgámù)

ÌDÁHÙN: Ewé tí ẹ fi kún un ti gbé ẹ̀yìn ọkọ̀ ga, ṣọ́ọ̀kì sì kúrú fún un. Bí táyà bá rọ̀ lẹ́yìn bọ́ǹpù, ọ̀pá á na dé òpin rẹ̀, á gbá ìdérí láti inú. Ẹ wọ̀n ọ́n: kí ọkọ̀ ṣófo lórí ilẹ̀ títẹ́jú, ẹ wọn ṣọ́ọ̀kì láti ihò òkè dé ti ìsàlẹ̀. Ẹ tú ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹ fà á dópin, ẹ tún un wọ̀n. Lójú tiwa, bí ohun tó kù láti fà kò bá tó íǹṣì mẹ́ta, ẹ wá èyí tó gùn jù ú lọ, tàbí kí ẹ yọ ewé náà. Ẹ béèrè pẹ̀lú bóyá ti 4x2 ni wọ́n tà fún yín, bí tiyín bá jẹ́ 4x4.

Ẹ tún wo ihò búṣìn. Bí bóòtì bá tín-ín-rín ju ihò lọ, ariwo dandan ni. Páánù agolo tí wọ́n máa ń ká sínú ihò á fọ́ láìpẹ́; ẹ jẹ́ kí tọ́nà (ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé irin) gé páìpù irin kékeré tó bá ihò àti bóòtì mu géérégé.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé òótọ́ ni pé ó yẹ ká fa ṣọ́ọ̀kì ká tó dè é? (Òǹkàwé kan, Ìbàdàn)

ÌDÁHÙN: Òótọ́ ni, fún èyí tó ní agolo méjì, tí ọ̀kan wà nínú èkejì. Bó bá ti sùn pẹ́ nínú páálí, gáàsì tàbí afẹ́fẹ́ á bọ́ síbi tí ọ́ìlì yẹ kó wà, ọ̀pá á wá ní ibi kan tí kò ti ní agbára, á sì máa dún. Èyí nìkan ni ariwo tó sábà máa ń lọ fúnra rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ti rìn díẹ̀, bóyá òun ni ẹni tó ta ọjà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ń rò. Ẹ gbé e dúró bó ṣe máa wà lára ọkọ̀, ẹ fà á dópin, ẹ tì í wọlé pátápátá, lẹ́ẹ̀mẹ́rin sí márùn-ún, títí agbára rẹ̀ yóò fi dọ́gba láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ má tún tẹ́ ẹ sílẹ̀ mọ́ títí ẹ ó fi dè é.