Má bi wọ́n pé ṣé wọ́n máa rà á

Àbúrò tó ní òun fẹ́ máa di èlùbọ́ láfún sí náílọ̀n kéékèèké, kóun máa tà á fáwọn sitúdẹ́ǹtì LAUTECH ní àdúgbò Under G, tó wá ń bèèrè pé èèyàn mélòó lòun máa bi léèrè kóun tó jókòó kọ ìwé ètò òwò, jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí, torí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí dòní.

Ọdún 2023 lèmi bẹ̀rẹ̀ omi máńgòrò. O mọ̀ pé ní Ògbómọ̀ṣọ́ ńbí, tó bá ti di oṣù kẹrin báyìí, abẹ́ igi ni máńgòrò ń jẹrà sí, ewúrẹ́ gan-an á jẹ ẹ́ sú. Mo ní owó ló ń ṣòfò nílẹ̀ yìí. Mo bi èèyàn bíi 60, ará ṣọ́ọ̀ṣì, mọ̀lẹ́bí, ará àdúgbò, mo ní tí mo bá ṣe omi máńgòrò tútù ṣé ẹ máa rà á, gbogbo wọn ní àá rà, wọ́n tiẹ̀ ń ṣàdúrà fún mi. Ta ló máa wo ojú ẹ kó sọ pé òun ò ní rà? Ojú ń tì wọ́n ni. Èmi wá ń ka "àá rà" yẹn bí owó tó ti wọlé.

Mo gbé èrò yìí lọ sí ọ́físì kan tí wọ́n ti ń yá ọlọ́jà lówó. Ọ̀gá ibẹ̀ ò bi mí bóyá ẹnì kankan ti ra nǹkan mi rí o, iye èèyàn tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ń bi mí! Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló dá mi padà, ó ní kí n lọ wá ẹni tó mọ ìwé ètò òwò kọ. Mo san ₦80,000 fún ọ̀gbẹ́ni kan tí ò na Ọjà Jagun rí, ó kọ ojú-ewé 40, ó ní tí ẹnì kan péré nínú ọgọ́rùn-ún ará ìlú bá ń ra ìgò kan lọ́sẹ̀, mo ti là. Ẹnì kan wo? Níbo ló ti kà wọ́n?

Mo ra firíìsà, mo ra jẹnẹrétọ̀. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìgò 31 ni mo tà. Nínú àwọn tó ní àá rà, ẹni mẹ́rin ló yọjú, àwìn ni méjì gbà. Zobo ẹ̀gbẹ́ títì ni wọ́n ń mu, owó ẹ̀ ò tó ìdajì tèmi, èmi ò sì lọ wò ó rí. Ìparí oṣù karùn-ún ni wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo, lítà tó wà ní bíi ₦185 fò lọ sí bíi ₦500, iná ò sí, máńgòrò náà ń tán lọ. Mo da ìgò 140 sí gọ́tà. Ìyá mi dúró tì mí, wọn ò sọ nǹkan kan.

Nítorí náà, má bi ẹnikẹ́ni bóyá ó máa rà. Bi í pé ìgbà wo lo ra láfún kẹ́yìn, níbo, èló, kóńgò mélòó, ọjọ́ mélòó ló fi tán. Owó tó ti jáde lápò ni kó o gbà gbọ́. Tí ìdáhùn bá ti ń jọra, ó ti tó nìyẹn. Sitúdẹ́ǹtì púpọ̀ ló ń ti ilé gbé gààrí àti èlùbọ́ wá, bi wọ́n ìgbà tó ń tán. Bi wọ́n bóyá wọ́n ń rokà fúnra wọn, torí tó bá jẹ́ bùkà ni wọ́n ti ń jẹun, oníbùkà gan-an ni oníbàárà ẹ, àpò nìyẹn sì ń rà, kì í ra náílọ̀n. Ọmọ tó ti Èkó wá náà lè máà fẹ́ràn láfún bíi tiwa, àmàlà dúdú ló mọ̀.

Lọ jókòó ti ìyá tó ń ta láfún lọ́jà látàárọ̀ dalẹ́, kó o ka àwọn tó rà. Àmọ́ ra nǹkan lọ́wọ́ wọn kó o tó la ẹnu, má sì yọ bírò jáde o, wọ́n á ní owó orí lo wá gbà.

Ìwé ètò fúnra ẹ̀ ò le, ojú-ewé méjì tó: ẹni tó ń rà, iye tó ń rà á, iye tó ń ná ẹ, oṣù tílé ìwé wà ní hólídè. Fowó NAFDAC, àwọn tó ń fọwọ́ sí oúnjẹ títà, àti CAC, àwọn tó ń forúkọ òwò sílẹ̀, sí i látilẹ̀. Jọ̀ọ́, má tíì tẹ náílọ̀n tó lórúkọ o, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ kì í fẹ́ ṣe díẹ̀, ó máa há sí ẹ lọ́wọ́.

Ra kóńgò mẹ́wàá, dì í sí náílọ̀n funfun lásán, gbé e lọ Under G lọ́jọ́ Sátidé, owó ọwọ́ ni kó o gbà. Ẹni tó bá gbé e wò tó sì gbé e sílẹ̀, rọra bi í pé kí ló fà á.