Má Ha Ọrun Rẹ Tán

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo ń gbé. Mo ra pákó hickory kan, mo fẹ́ fi gbẹ́ ọrun tí agbára rẹ̀ á tó pọ́n-ùn 45 bí mo bá fà á dé ínǹṣì 28. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 70. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń ha á nínú gáréèjì. Bí mo bá ti fà á, màá ya fọ́tò rẹ̀, màá fi ìlà pupa sí i lórí fóònù kí n lè mọ̀ bóyá apá òsì àti apá ọ̀tún tẹ̀ dọ́gba. Wọn kò dọ́gba rí. Bí mo bá tún òsì ṣe, ọ̀tún á yàtọ̀. Ní báyìí, pọ́n-ùn 27 ló kù. Ṣé kí n sọ ọ́ nù kí n ra pákó mìíràn ni? Kí sì ni ẹ̀yin ń ṣe tí tiyín fi ń gún régé?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má sọ ọ́ nù. Kí n sì tètè sọ fún ọ pé tèmi kì í gún régé. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọrun tí mo ti gbẹ́, igi Osage orange ni, apá rẹ̀ kan wọ́ bí ejò tó ń sọdá títì. Ìlà inú igi ni mo tẹ̀ lé. Igi náà ló wọ́, kì í ṣe ọwọ́ mi. Ọdún kọkànlá rẹ̀ rèé, ó ṣì ń ta ọfà.

Ọ̀rọ̀ pọ́n-ùn 18 tó sá lọ yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àjẹ́. Bí o bá sọ nínípọn apá ọrun di ìlàjì, agbára rẹ̀ kò ní di ìlàjì. Ìdá kan nínú mẹ́jọ ló máa kù. Ká mú un wá sílé: apá tó nípọn mílímítà 16, bí o bá ha mílímítà 1 péré kúrò lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìdá 18 nínú 100 agbára rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ọrun pọ́n-ùn 45 ti di 37, èérún tó wà nílẹ̀ kò sì ju ẹ̀kúnwọ́ kan tàbí méjì lọ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìbú rẹ̀ lo dín kù, láti mílímítà 40 sí 39, ìdá 2.5 nínú 100 péré ló lọ. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ni mo ti máa ń ṣe àtúnṣe ìgbẹ̀yìn, tí n kì í fọwọ́ kan ikùn ọrun mọ́. (Ikùn ni ojú tó kọ sí ẹni tó ń ta á, ẹ̀yìn ni èyí tó kọ sí ohun tí à ń ta.)

O wá rí i pé ìdọ́gba tí ò ń lé kiri ló ń jẹ ọrun rẹ. O ha òsì, òsì rọ̀ ju ọ̀tún lọ. O ha ọ̀tún, ọ̀tún rọ̀ ju òsì lọ. Amọ̀kòkò tó bá ṣì í ṣe lè bu amọ̀ kún un. Àwa kò ní nǹkan kan tí a ó bù kún igi. Èmi náà ti ṣe é rí: ọrun mi kẹta, pọ́n-ùn 50 ni mo ní lọ́kàn. Ìgbà tí apá méjèèjì fi máa dọ́gba tán, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà ló gbà á lọ́wọ́ mi, ó fà á, ó ní, “Dádì, ẹ ṣé o.”

Ẹni tó bá wá ìwákúwàá, á rí ìríkúrìí. Pa ìlà pupa yẹn rẹ́. Fóònù pàápàá máa ń tẹ ohun tó bá wà ní etí fọ́tò, o sì lè máa ha igi nítorí àṣìṣe kámẹ́rà. Gbé ọrun kọ́ ara ògiri, fi okùn fà á láti ìsàlẹ̀, kí o sì rìn sẹ́yìn ní ẹsẹ̀ mẹ́wàá. Bí ojú rẹ kò bá rí àbùkù náà láti ibẹ̀, ọfà náà kò ní rí i.

Kódà, ìdọ́gba gan-an kọ́ là ń wá. Ọwọ́ tó di ọrun mú wà nísàlẹ̀ ibi tí ọfà ń gbà kọjá, nítorí náà ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń jẹ́ kí apá ìsàlẹ̀ le díẹ̀ ju ti òkè lọ. Àwọn ará Jàpáànù kò tilẹ̀ bá ìdọ́gba ṣe ọ̀rẹ́ rárá: yumi, ìyẹn ọrun wọn, ga ju mítà 2 lọ, ibi ìdìmú rẹ̀ sì wà ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta láti ìsàlẹ̀. Apá òkè gùn, apá ìsàlẹ̀ kúrú, ó sì ń ta bó ṣe yẹ.

Ọrun kan ṣoṣo tó dọ́gba kanlẹ̀ nílé mi, irin ni. Ofá Ọ̀ṣọ́ọ̀sì ni, ìyẹn àmì òrìṣà ọdẹ, ọ̀rẹ́ mi kan ló rà á wá láti Bàhíà ní ilẹ̀ Brazil, wọ́n jó ọrun àti ọfà pọ̀ mọ́ra. Ó rẹwà púpọ̀. Kò lè tẹ̀.

Gáréèjì rẹ ni mo tún fura sí. Hickory lágbára, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í tètè ya, ṣùgbọ́n òun àti ọ̀rinrin kì í ṣe ọ̀rẹ́, afẹ́fẹ́ Houston sì kún fún omi. Igi tó bá ti mu omi á rọ̀, bí o bá sì tú ọsán rẹ̀, kò ní nà padà dáadáa mọ́. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ omi ló gba díẹ̀ nínú pọ́n-ùn tí o rò pé o ti ha dànù. Gbé e wọ inú ilé, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́, fi lélẹ̀ gbalaja sórí kọ́bọ́ọ̀dù, má fi í ti ògiri. Fi ìwọ̀n ilé ìdáná wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, kí o kọ gíráàmù rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá ń fúyẹ́ sí i, omi ló ń jáde. Bí nọ́ńbà bá dúró sójú kan fún ọjọ́ mẹ́rin márùn-ún, ó ti gbẹ. Ìgbà yẹn ni kí o tó tún fà á lórí ìwọ̀n. Kò ní yà mí lẹ́nu bí pọ́n-ùn mélòó kan bá ti padà wálé.

Ṣùgbọ́n má gbọ́ ọ sí pé mo ní kí o máa ṣe iṣẹ́ jákujàku o. Ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀, ẹ̀yìn ọrun ni orí rẹ̀. Lára pákó bíi tìrẹ, ìlà inú igi gbọ́dọ̀ sá lọ tààrà láti ṣóńṣó kan dé èkejì. Èyí tó bá yà sí ẹ̀gbẹ́ níbi tí ọrun ti ń tẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ya. Má gbé fáìlì dé ẹ̀yìn náà. Sáńpépà ni kí o fi pa etí méjèèjì rẹ̀ kó rí roboto, nítorí etí mímú ni ìyapa ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ìtì igi la fi gbẹ́ ẹ, òrùka ọdún kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ bo ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lára Osage, etí ni mo fi ń mọ̀ ọ́n: òrùka tó le máa ń jẹ́ kí ọ̀bẹ yọ̀ lọ jẹ́jẹ́, èyí tó rọ̀ láàárín wọn á máa dún kẹrẹkẹrẹ lábẹ́ rẹ̀. Ní ibẹ̀, mo lè lo ọjọ́ kan gbáko, n kò sì ní kánjú.

Ohun kejì tí n kì í fojú fò ni orúnkún, ìyẹn ibì kan lára apá tó ń tẹ̀ kọ́rọ́ nígbà tí ìyókù dúró gbọnin. Bí o bá pẹ́ níbẹ̀, wàá rí ìlà wẹ́wẹ́ tó dá ikùn ọrun kọjá, bí awọ iwájú orí tó hunjọ. Igi ti ń fọ́ nínú nìyẹn. Má fọwọ́ kan orúnkún. Òkè rẹ̀ àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni kí o ha, kí wọ́n lè wá bá a ru ẹrù náà. Ha á bí ìgbà mẹ́wàá, fa ọrun náà díẹ̀díẹ̀ ní ọgbọ̀n ìgbà, lẹ́yìn náà ni kí o tó wò ó, torí igi kì í tètè jẹ́jọ́. Má sì fà á kọjá agbára tí ò ń wá, ì báà jẹ́ pé kò tíì tẹ̀ ju ínǹṣì mẹ́wàá lọ. Ẹ̀kẹta, ọsán gbọ́dọ̀ gba àárín ibi ìdìmú kọjá.

Ìyókù, fi í sílẹ̀. Ojú irinṣẹ́, kókó, ṣóńṣó méjì tí kò jọra, kò sí èyí tó kan ọfà níbẹ̀. Mary Rose, ọkọ̀ ogun Ọba Henry Kẹjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rì ní 1545. Nínú ohun tí wọ́n wú jáde nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gbé egungun ọkọ̀ náà sókè ní 1982, ọrun 137 ló ṣì pé. Ojú irinṣẹ́ àwọn tó gbẹ́ wọn ṣì wà lára wọn, níbi tí kókó bá sì wà, wọn kò fá a dan. Wọ́n fi igi sílẹ̀ kó wú yí i ká, kó má bàa di ibi àìlera. Ọrun ogun nìyẹn o.

Bí tìrẹ bá ti gbẹ, tó sì wà ní nǹkan bí 30, o lè gé ínǹṣì kan ààbọ̀ kúrò ní ṣóńṣó kọ̀ọ̀kan, kí o gbẹ́ ojú tuntun fún ọsán. Á di ínǹṣì 67, agbára rẹ̀ á gòkè díẹ̀. Kò ní padà di 45. Má gé jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọrun kúkúrú tí a fà dé 28 kì í pẹ́ ṣẹ́. Bí o bá sì fẹ́ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, 27 dára fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìtafà. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n. Ra pákó kejì náà, ṣùgbọ́n bó bá ku pọ́n-ùn 5 kó dé 45, gbé irinṣẹ́ sílẹ̀: sáńpépà nìkan ló kù, òun náà á jẹ tirẹ̀ níbẹ̀.

Ọsán já, ọrun dọ̀pá, nítorí náà yẹ ọsán wò kí o tó ta á. Má sì fà á kí o jù ú sílẹ̀ láìsí ọfà nínú rẹ̀, kódà bí àwọn ọ̀rẹ́ bá ní kí o fi hàn wọ́n. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, fi gíráàmù ọjọ́ kìn-ín-ní àti ti ọjọ́ kẹwàá ránṣẹ́ sí mi.